Ẹjọ́ Yá àti Wín

Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá olóye, ẹjọ́ kékeré kan rèé. Bí ọmọ ilé-ìwé ní Láfẹ́nwá bá sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, “Borrow me your biro,” ẹ̀rín ni olùkọ́ yóò kọ́kọ́ rín, kó tó sọ pé lend ló tọ́. Olùkọ́ jàre: ẹni tó ń gbà ló ni borrow, ẹni tó ń fúnni ló ni lend. Ẹ̀rín yẹn nìkan ni n kò fara mọ́.

Wọ́n á ní èdè abínibí ọmọ náà ló kó bá a, nítorí yá kan náà ló ń lò fún ìhà méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n “ó yá mi ní ọkọ́” kò jọ “ó yá ọkọ́ lọ́wọ́ mi”. Ẹni tó ni ọkọ́ hàn kedere. Àwọn ará Jámánì náà ń lo leihen fún ìhà méjèèjì, síbẹ̀ àwọn báǹkì wọn mọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó.

Ohun tí olùkọ́ kì í sọ ni pé Yorùbá ní ìyàtọ̀ kan tí borrow àti lend kò ní. Ọkọ́, àkàbà, ìkòkò: yíyá ni à ń yá wọn, nítorí ohun tí a gbà gan-an ni a óò dá padà. Owó, iyọ̀, epo: wínwín ni à ń wín wọn, nítorí a ó ti ná an tàbí kí a ti jẹ ẹ́ tán, irú rẹ̀ ni a óò fi san án. Ẹni tó wín kóńgò gaàrí kan lọ́wọ́ aládùúgbò ti fi í tẹ ẹ̀bà. Gaàrí mìíràn ni yóò gbé padà. (Ti bírò le díẹ̀: igi rẹ̀ yóò padà, tàdáwà rẹ̀ kì yóò padà.) Àwọn amòfin Róòmù àtijọ́ rí ìyàtọ̀ yìí, wọ́n pe yíyá ní commodatum, wọ́n pe wínwín ní mutuum, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin sì ń kọ́ ọ títí dòní.

Ẹnìkan lè ní wín ti di ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, pé “yá mi lówó” ni wọ́n ń sọ lọ́jà báyìí, pé báǹkì pàápàá, ẹ̀yáwó ló ń pè é. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ló bá ẹnikẹ́ni wí nígbà tí tiwa ń parẹ́? Abẹ́òkúta yìí ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròhìn jáde lédè Yorùbá ní 1859, kí Gẹ̀ẹ́sì tó wọ inú rẹ̀. Èdè méjì kì í ṣe ẹrù tuntun lórí wa.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú pátákó lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì béèrè gbogbo wọn nínú ìdánwò.