Àkókò Tí A Jọ Ń Gbọ́ Orin Ló Sọnù

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ tinú mi lórí àwọn ètò orin orí rédíò àtijọ́. Àwọn ènìyàn wa tó ti gbé Lọ́ńdọ̀nù rí máa ń sọ pé orin ayé ijọ́un dùn ju tòní lọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Orin ò sọnù o. Àkókò tí gbogbo wa jọ ń gbọ́ ọ ló sọnù.

Ẹ jẹ́ ká wo ètò orin 40 ti BBC Radio 1. Ní 1978 ni wọ́n sọ ọ́ di orin 40. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, láti aago márùn-ún sí aago méje, ni wọ́n fi ń gbé àwọn orin tó tà jù lọ sí afẹ́fẹ́, láti ipò 40 títí dé ipò kìíní. Lákọ̀ọ́kọ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àbájáde tuntun máa ń jáde. Ní oṣù kẹwàá 1987 ni ọjọ́ Ìsinmi wá di ọjọ́ tí a ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Kí ló dé tí àkókò yẹn fi dára? Ilé ni gbogbo ènìyàn wà! A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ti jẹ ìrẹsì tán. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì fẹ́ kí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ṣí lọ́jọ́ Ìsinmi títí di 1994. Ìyá ń áyọ́ọ̀nù aṣọ ilé-ìwé, ọmọ jókòó ti rédíò, ó ti ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, ó ń gbàdúrà kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ má lọ da ọ̀rọ̀ lé orin lórí. Nígbà tí Sade, ìyẹn Folasade Adu tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, gba ipò kẹfà ní 1984 pẹ̀lú “Your Love Is King”, ẹni tó gbọ́ ọ mọ̀ pé ará ilé kejì náà ń gbọ́ ọ.

Ní July 10, 2015, wọ́n gbé ètò náà lọ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ orin káàkiri àgbáyé fẹnu kò pé ọjọ́ Ẹtì ni orin tuntun yóò máa jáde. Mo mọ̀ pé ọgbọ́n òwò ni. Ṣùgbọ́n ta ló wà nílé ní aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì? Ní 2016, Wizkid, ọmọ Sùúrùlérè, wà nínú “One Dance” tí Drake kọ, orin náà sì lo ọ̀sẹ̀ 15 ní ipò kìíní. Ìyẹn ju ipò kẹfà lọ fíìfíì! Síbẹ̀, etí kálukú ni kálukú fi dá gbọ́ ọ.

Ẹnìkan lè ní, “Bàbá, fóònù ti dé, ìgbà tó bá wù yín ni kí ẹ gbọ́ orin.” Òótọ́ ni. Láti 2014 gan-an ni wọ́n ti ń ka gbígbọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ títà. Ṣùgbọ́n orin tí kálukú ń dá gbọ́ kì í dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín bàbá àtọmọ.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti Àkúrẹ́: bí ẹ bá fẹ́ to orin ní ipò-ipò, ẹ kọ́kọ́ wo ìgbà tí ará ilé máa ń pé. Ẹ fún wa ní wákàtí kan péré ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, kí fújì, jùjú àti orin àwọn ọ̀dọ́ jọ du ipò kìíní. Ẹ má sì jẹ́ kí ìpolówó ọjà yẹ àkókò náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ire o.

Èmi ni òǹkàwé yín tòótọ́,
Ìbàdàn.