Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ó Ń Kọ́ Ẹlòmíràn Ní Ìjà

Àwọn kan nínú àwọn àgbà wa ń wí pé kò tọ́ kí ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò tíì tú sílẹ̀ máa gba ọmọ-iṣẹ́. Nínú iṣẹ́ ìṣègùn, a kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí lé ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní judo, ìjà àwọn ará Japan, kúrò ní gbọ̀ngàn ìlú, kìkì nítorí pé òun náà ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, a kò lè ṣàì lòdì sí wọn. Ta ni ó kọ́ ẹ̀yin fúnra yín ní ìjàkadì lórí iyanrìn, bí kì í bá ṣe ẹ̀gbọ́n tí ó fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta jù yín lọ, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń dá lójoojúmọ́?

Jigoro Kano, ẹni tí ó dá judo sílẹ̀, kò tíì pé ọmọ ọdún 22 nígbà tí ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ Kodokan ní ọdún 1882, nínú tẹ́ḿpìlì Eishoji ní ìlú Tokyo. Yàrá náà kò ju ohun tí ẹní 12 lè bò lọ, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì jẹ́ 9. Ọdún 1877 ni òun tìkára rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ jujutsu, ìjà àtijọ́ ilẹ̀ wọn. Ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́, Fukuda, kú ní 1879. Èkejì, Iso, kú ní 1881. Ọ̀dọ̀ ẹ̀kẹta, Iikubo, ni ó ti ń kọ́ṣẹ́ nígbà náà.

Kò sì sá fún ọ̀gá yìí. Iikubo fúnra rẹ̀ a máa wá sí Eishoji láti ràn án lọ́wọ́, Kano sì ń gba ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí ó tóbi jù nínú ìmọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti di olùkọ́ni ni ó yé e: pé kí a tó lè gbé ènìyàn ṣubú, a ní láti kọ́kọ́ yẹ ìdúró rẹ̀. Kano ròyìn pé ní ọjọ́ tí òun fi èyí bá Iikubo jà, òun ni ó ń dá ọ̀gá, tí ọ̀gá kò sì lè dá òun mọ́. Ọ̀gá náà sì jẹ́wọ́ pé ẹ̀kọ́ tí ó wà lọ́wọ́ òun ti tán.

Èyí kò ya àwa tí ó wà nínú iṣẹ́ ìkọ́ni lẹ́nu. Ohun tí a rò pé ó yé wa kì í yé wa tán, títí ọmọdé kan yóò fi béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ wa. (Ọ̀kan nínú wa ni Kano pẹ̀lú: ó ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ní Tokyo fún ọdún púpọ̀, títí di 1920.)

Ewu wà níbẹ̀, a kò sẹ́. Àṣìṣe inú ìṣirò, a lè nù ún kúrò lára síléètì. Ọrùn tí ó ṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ni fi ọ̀nà fífún ọrùn àti lílọ́ apá sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, kí òun kọ́ àwọn ọmọ bí a ti í ṣubú láìfarapa àti bí a ti í di aṣọ ẹnìkejì mú. Èyí nìkan tó iṣẹ́ ọdún kan. Ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá ni ẹni tí ó ti fi ọ̀gá sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, tí ó wá jókòó lórí àga, tí ó ń pàṣẹ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀yin Olóyè tí gbọ̀ngàn ìlú wà ní ìkáwọ́ yín, ẹ má bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní iye ọdún tí ó ti kọ́ nìkan. Ẹ béèrè orúkọ ọ̀gá rẹ̀, àti ọjọ́ tí ó ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì ránṣẹ́ sí ọ̀gá náà kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.