Ẹ Má Sọ Ìwé Ìpè Ìgbéyàwó sí Ààtàn

Bí ènìyàn bá gba Ìdí-Àràbà kọjá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí a ti ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, yóò rí ohun tí àwa náà rí. Wọ́n ti tú àgọ́, wọ́n ti kó àga jọ, àwọn ọmọdé ń ṣa ìgò kiri. Láàárín abọ́ oníke àti ọ̀rá omi ni káàdì ìpè ìgbéyàwó wà nílẹ̀, tí ẹsẹ̀ àlejò ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀. Orúkọ bàbá méjì àti ìyá méjì wà lára rẹ̀; orúkọ ọkọ àti ti ìyàwó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, oṣù àti ọdún. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọkọ̀ akólẹ̀ yóò ti gbé e lọ.

Èyí tí a tẹ̀ sórí ìwé gan-an ti ń dínkù. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń fi ìpè ránṣẹ́ lórí WhatsApp nísinsìnyí, àwa kò sì bá wọn jà, nítorí owó ìtẹ̀wé ti gun òkè, ọ̀nà Èkó kò sì rọrùn fún ẹni tí yóò máa ti ilé dé ilé pín káàdì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí fóònù bá bọ́ sínú omi, tàbí tí gbéwiri bá yọ ọ́ nínú àpò olówó rẹ̀, ìpè náà bá a lọ nìyẹn.

Ìdí nìyí tí inú wa fi dùn sí ẹ̀bùn kan tí a rí ní ilé ọ̀rẹ́ wa ní Ìdí-Àràbà yìí kan náà. Ó wà lára ògiri pálọ̀, láàárín fọ́tò bàbá àgbà àti kàlẹ́ńdà. Ìwé ìpè ìgbéyàwó tọkọtaya náà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Olùkọ́ kan tí ó jẹ́ ẹlẹgbẹ́ ìyàwó níbi iṣẹ́ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da gbogbo ọ̀rọ̀ inú káàdì náà kọ sórí ìwé tí ó nípọn, tí ó sì ya ọnà ara aṣọ ẹbí wọn yí i ká, kí ó tó gbé e fún káfíńtà pé kí ó kan férémù sí i. Ọ̀rẹ́ wa sọ fún wa pé ẹ̀rọ ìlọta mẹ́rin ni àwọn gbà lẹ́bùn ní ọjọ́ náà, àwọn sì ti fi méjì tọrẹ. Ta ni yóò fi èyí tọrẹ?

Àwọn kan yóò sọ pé àṣà òyìnbó ni. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa, obì ni àwọn baba wa fi ń pe ènìyàn sí ìnáwó, àrokò ni wọ́n sì fi ń ránṣẹ́ sí ẹni tí ó wà lọ́nà jíjìn. Ìwé ni ó wá gba ipò obì. Ní ti kí a fi ọwọ́ ya ọnà, ta ni yóò kọ́ wa ní ìyẹn? Àwọn ìyá wa aládìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn a máa ti ìyẹ́ adìyẹ bọ inú ẹ̀kọ láfún, wọn a fi ya ọnà sórí aṣọ funfun kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í mú un. Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, ilé ìjọba ni. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn obìnrin wọ̀nyí fi gbé àwọn òpó rẹ̀ sórí aṣọ, tí wọ́n sì sọ aṣọ náà ní Ìbàdàndùn. Bí a bá lè sọ òpó ilé ìjọba di ọnà tiwa, káàdì ìgbéyàwó kò lè ṣòro fún wa.

Àìná Ọnàbólú pẹ̀lú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí a bí ní ọdún 1882, wíwo àwòrán inú ìwé òyìnbó àti dídà á kọ ni ó fi kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920. Nígbà tí ó padà dé, kò jókòó ti yíya àwòrán àwọn ọlọ́lá Èkó nìkan. Ó ń ti ilé ẹ̀kọ́ kan dé òmíràn láti kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà. Bẹ́ẹ̀ ni Yábàá, tí kò jìnnà sí Ìdí-Àràbà, ní Yaba College of Technology tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, níbi tí Yusuf Grillo ti ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà àti ìtẹ̀wé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ọwọ́ tirẹ̀ kò bá gbé búrọ́ọ̀ṣì, akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò bá a ṣe é kò wọ́n ní àdúgbò.

Ohun tí ó ká wa lára jù lọ ni orúkọ. Ẹ wo káàdì tí ó wà lọ́wọ́ yín: mélòó nínú wọn ni ó ní àmì? Ayọ̀ tí kò ní àmì lábẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ayò ọlọ́pọ́n. Ọkọ tí a kò fi àmì sí lè di oko, ó lè di ọkọ́, ó sì lè di ọkọ̀, títí àlejò kò fi ní mọ̀ bóyá ènìyàn ni ìyàwó ń fẹ́ ni tàbí mọ́tò. Láti ọdún 1875 ni àwọn àgbà ti pàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa, síbẹ̀ orúkọ bàbá ìyàwó ń jáde nínú ẹ̀rọ bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ. Ẹni tí ó ń fi ọwọ́ kọ ọ́ kò ní àwáwí kankan. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tí àmì wà, bí kò bá sì mọ̀ ọ́n, ó lè béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí.

Ẹ̀bùn báyìí ní ìmọ̀ tirẹ̀. Ìwé ẹlẹ́gẹ́ tí ó máa ń pọ́n kò dára fún un. Kí a kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù fa ìlà, kí ọ̀dà tí a fi omi pò sì gbẹ dáadáa. Kí páálí tín-ín-rín wà yí etí àwòrán ká lábẹ́ gíláàsì, nítorí bí gíláàsì bá fara kan ọ̀dà, ọ̀rinrin Èkó yóò lẹ̀ wọ́n pọ̀. Kí a má gbé e kọ́ síbi tí oòrùn yóò ti máa pa á, àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣá. Àwa kò sì fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn òǹtẹ̀wé Ṣómólú: kí a fi káàdì tí wọ́n tẹ̀ sínú àpò ìwé, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn férémù náà. Ẹni tí ó bá gba ìpè lórí fóònù lè wo ibẹ̀ dà á kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní kí kọ̀ǹpútà ya òdòdó fún òun, tí ó sì ń pe ìyẹn ní iṣẹ́ ọwọ́, ara rẹ̀ ni ó ń tàn. Àwa kò sọ pé férémù dúró fún ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó o. Bí kóòtù bá béèrè ìwé lọ́wọ́ yín, ẹ má gbé àwòrán lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí Múṣin ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, kí ó tó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 1967, ti di ìyá àgbà àti bàbá àgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìkọ̀wé rẹ̀ ṣì dán ju ti ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ. Bí ọmọ kíláàsì kẹfà bá ya ìwé ìpè ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó sì fi àmì sí orúkọ àwọn òbí bí ó ti yẹ, ó ti ṣe iṣẹ́ ọwọ́, ó ti kọ́ èdè, ó sì ti fún tẹ̀gbọ́n lẹ́bùn.

Ìgbéyàwó mìíràn ń bọ̀ ní òpópó kan náà. Káàdì rẹ̀ wà lórí tábìlì wa, a sì ti fi pẹ́ńsù fa ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́. Orúkọ bàbá ọkọ ni kò tí ì dá wa lójú. A ti ránṣẹ́ sí ilé wọn láti béèrè àmì rẹ̀, a sì ń retí èsì.