Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Orúkọ tí ó Yẹ Ìwọ̀n Ojú Ẹ̀rọ Amóhùnmáwòrán

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Eku mọ bí ara òun ti tó, ó mọ bí ihò òun ti tó, ó sì ń fi ọ̀kan díwọ̀n èkejì. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń ra ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán lóde òní. Òǹrajà yóò béèrè íńṣì 55, òǹtajà yóò gbé íńṣì 55 jáde, owó yóò sì ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì. Síbẹ̀ ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì má lè sọ ohun tí íńṣì 55 náà ń wọ̀n. Ṣé ìbú ni? Ṣé òòró ni? Kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìlà tí ó ti igun ìsàlẹ̀ lápá kan lọ sí igun òkè lápá kejì ni. Ìlà yìí kò ní orúkọ kan pàtó tí tọ̀tún-tòsì mọ̀ nínú èdè ọjà, àìlórúkọ rẹ̀ sì ń ná àwọn ènìyàn lówó.

Àpẹẹrẹ méjì yóò fi èyí hàn. Bí ẹnì kan bá ní àyè íńṣì 50 láàárín kọ́bọ́ọ̀dù méjì nínú pálọ̀ rẹ̀, yóò rò pé ẹ̀rọ íńṣì 55 kò lè wọ ibẹ̀, yóò sì lọ ra èyí tí ó kéré. Àṣìṣe ni. Ojú àwọn ẹ̀rọ òde òní máa ń jẹ́ ìpín 16 ní ìbú sí ìpín 9 ní òòró; nítorí náà, ìbú ojú àwòrán ẹ̀rọ íńṣì 55 kò ju íńṣì 48 lọ, òòró rẹ̀ sì jẹ́ 27. Yóò wọ àyè náà, bí etí rẹ̀ kò bá ti nípọn jù. Àpẹẹrẹ kejì dun ni ju ìyẹn lọ. Ìpín 4 sí ìpín 3 ni ojú àwọn ẹ̀rọ onígíláàsì àtijọ́. Ẹni tí ó ti ń lo íńṣì 21 nínú wọn, tí ó wá fi íńṣì 24 ti òde òní rọ́pò rẹ̀, yóò retí kí àwòrán tóbi sí i. Bẹ́ẹ̀, kódà bí a bá yọ etí gíláàsì tí férémù bò kúrò, òòró àwòrán ti àtijọ́ tó nǹkan bí íńṣì 12. Òòró ti tuntun kò pé 12. Onítọ̀hún fi íńṣì mẹ́ta kún un lẹ́nu, ènìyàn inú àwòrán sì kúrú sí i lójú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó parọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bá a ṣòwò ni kò pé.

Ó yẹ kí a bi ara wa bí ọ̀rọ̀ náà ṣe di aláìpé. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ WNTV ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Èdè Yorùbá kò jáfara lórí ohun tuntun náà. Bí ó ti sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, bẹ́ẹ̀ ni ó sọ èyí ní amóhùnmáwòrán, ohun tí ó ń mú ohùn tí ó sì ń mú àwòrán. Ẹni tí kò tilẹ̀ rí ẹ̀rọ náà rí yóò ti inú orúkọ rẹ̀ mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀-ìperí dára gan-an nìyí: kí ó máa tọ́ ẹni tí ó gbọ́ ọ sọ́nà. Ṣùgbọ́n odindi ẹ̀rọ náà nìkan ni a sọ lórúkọ. Àwọn ohun tí a ń wọ̀n lára rẹ̀ kò rí orúkọ gbà. Nọ́ńbà àti íńṣì lásán ni a gbà wọlé pẹ̀lú wọn.

Àwọn kan máa ń fi ìdábùú pe ìlà tí à ń sọ yìí. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàdédé wá, nítorí pé nígbà kan rí ìbá bá a mu dáadáa. Róbótó ni ojú ọ̀pọ̀ gíláàsì ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀, ìdábùú ohun róbótó náà ni àwọn tí ó ń ṣe é sì fi ń polówó rẹ̀. Nígbà tí gíláàsì di onígun mẹ́rin, wọn kò yí àṣà padà. Wọ́n kàn gbé ìwọ̀n náà sórí ìlà tí ó so igun pọ̀ mọ́ igun. Ṣùgbọ́n bí Yorùbá bá ní nǹkan dábùú ọ̀nà, ohun tí ó wá sọ́kàn ni pé ó sùn gbalaja láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ìdábùú ẹ̀rọ jẹ́ íńṣì 55 yóò gbà pé ìbú rẹ̀ ni, àṣìṣe tí a fẹ́ wò sàn yóò sì tún padà wọlé. Fún ohun onígun mẹ́rin, ìlà igun-dé-igun ni ó tọ́. Kò ṣòro láti pè, kò sí ohun tí ó fi pamọ́, ọmọdé tí ó bá sì gbọ́ ọ lè fi ìka rẹ̀ tọ ìlà náà láìsí olùkọ́.

Àwọn kan yóò ní kí ni ọjà fẹ́ fi ìyẹn ṣe, níwọ̀n ìgbà tí íńṣì ti di ti gbogbo ènìyàn. Òótọ́ ni pé íńṣì ti di ti Yorùbá, kò sì sí ìdí láti lé e lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ íńṣì ni láti sọ bí nǹkan ti pọ̀ tó. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti sọ ohun tí à ń wọ̀n. Bí obìnrin bá ra ọ̀pá aṣọ márùn-ún, kò sí ẹni tí yóò rò pé ìbú aṣọ náà ni ọ̀pá márùn-ún. Gbogbo ọjà ti fohùn ṣọ̀kan tipẹ́ pé gígùn ni ọ̀pá ń kà, bí ìbú bá sì yàtọ̀, òǹtajà yóò sọ ọ́ lọ́tọ̀. Irú ìfohùnṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ kò tíì sí lórí ojú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni nọ́ńbà tí olúkúlùkù ń fi ọkàn ara rẹ̀ túmọ̀. Ẹni tí ó gbọ́ 32 àti 65 yóò sọ pé èkejì fi díẹ̀ ju ìlọ́po méjì àkọ́kọ́ lọ. Lórí ìlà igun-dé-igun, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìbú sọ òòró di púpọ̀, àyè tí ojú ẹ̀rọ kejì gbà lé ní ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́. Ìyàtọ̀ yìí ni ó máa ń ya onílé lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá gbé e wọ yàrá tán.

Ibi tí òwe eku àti ìtẹ́ ti wúlò jù lọ nìyí. Títóbi ẹ̀rọ kò dá dúró. Jíjìnnà ẹni tí ó ń wò ó ni ó sọ ọ́ di ńlá tàbí kékeré. Ọ̀rọ̀-ìperí méjì tún ṣe pàtàkì níhìn-ín. Èkíní ni àlàfo ìwòran, ìyẹn ìrìn tí ó wà láàárín ojú òǹwòran àti ojú ẹ̀rọ. Èkejì ni igun ìríran, ìyẹn igun tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì àwòrán náà pa nínú ojú òǹwòran. Dígírì 30 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń dámọ̀ràn fún ìwòran inú ilé. Láti rí i, kí a fi íńṣì wọn àlàfo ìwòran, kí a sì fi 1.6 pín in. Bí a bá fi 2.5 pín àlàfo kan náà, igun ìríran yóò bọ́ sí nǹkan bí 20, àwòrán yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní fèrèsé aládùúgbò.

Ẹ jẹ́ kí a fi yàrá kan ṣe àpẹẹrẹ, irú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 10 tí ó wọ́pọ̀ ní àwọn ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ ní Èkó àti Ìbàdàn. Bí ìbùsùn bá ti gba apá kan, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀nà ẹsẹ̀ bàtà 10 ni ènìyàn yóò kọjú sí, tábìlì tí ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀ yóò gba nǹkan bí ẹsẹ̀ kan àtààbọ̀, ẹ̀yìn àga yóò gba nǹkan bí méjì. Àlàfo ìwòran tí ó kù jẹ́ ẹsẹ̀ 6 àtààbọ̀, ìyẹn íńṣì 78. Bí a bá fi 2.5 pín in, 31 ó lé díẹ̀ ni. Bí a bá fi 1.6 pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 49. Nítorí náà, láti orí ẹ̀rọ íńṣì 32 dé nǹkan bí 48 ni yàrá yìí lè gbà kí ó sì tu ojú lára. Ẹni tí ó bá gbé 65 síbẹ̀ yóò wo àwòrán ní igun ìríran 40. Ìyẹn lè dùn mọ́ ẹlòmíràn bí ó bá ń wo sinimá lóru, ṣùgbọ́n gbogbo ìdílé tí ó ń wo ìròyìn nínú rẹ̀ lójoojúmọ́ yóò máa yí orí kiri bí ẹni tí ó jókòó sí ìlà iwájú pátápátá.

Ohun kan kù tí òǹtajà kì í ṣàìmẹ́nu bà: iye àwọn ẹyọ kéékèèké tí àwòrán pín sí. Hóró àwòrán ni orúkọ tí ó yẹ wọ́n, nítorí pé bí hóró ti tò ní ìlà-ìlà lára ọmọ àgbàdo ni wọ́n tò lójú ẹ̀rọ. Oríṣi méjì tí ó wọ́pọ̀ ni èyí tí ó ní hóró 1,920 ní ìbú sí 1,080 ní òòró, àti èyí tí ó ní 3,840 sí 2,160, tí ọjà ń pè ní 4K. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn ní ààlà. Ojú tí ó dá ṣáká kì í lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ bí igun tí ó wà láàárín wọn bá kéré ju ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì kan lọ. Lójú ẹ̀rọ íńṣì 43 tí ó ní ìlà hóró 1,080, ẹni tí àlàfo ìwòran rẹ̀ bá ti kọjá íńṣì 67 kò lè rí hóró kan yàtọ̀ sí èkejì mọ́. Nínú yàrá tí a mẹ́nu bà lókè, ẹni tí ó san owó lé owó nítorí ìlà 2,160 lójú ẹ̀rọ 43 san án fún ohun tí ojú rẹ̀ kò lè rí.

Ó sì ní ìdàkejì. Ìlà 625 ni ètò PAL tí Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀ àwòrán aláwọ̀ ní, 576 nínú wọn ni ó sì ń gbé àwòrán. Àwọn fíìmù Yorùbá tí wọ́n tà lórí VCD kò ní ju hóró 352 sí 288 lọ. Bí a bá na irú fíìmù bẹ́ẹ̀ sójú ẹ̀rọ íńṣì 65, òòró hóró kọ̀ọ̀kan yóò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá íńṣì lọ. Ẹ̀rọ tuntun lè dán an, ṣùgbọ́n kò lè dá ohun tí kò sí nínú rẹ̀ padà sínú rẹ̀. Onílé yóò wá máa sọ pé ẹ̀rọ òun kò dára, nígbà tí ó jẹ́ pé àwòrán tí ó fi sínú rẹ̀ ni hóró rẹ̀ kò tó.

Láti ọdún 1970, ètò ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi hàn pé ọmọdé lè fi èdè Yorùbá kọ́ ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bamgboṣe ṣe olóòtú rẹ̀ jáde fún àwọn olùkọ́ èdè. Iṣẹ́ ńlá ni méjèèjì, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sì ṣe wọ́n fún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìperí tí kò bá jáde kúrò ní ọgbà yunifásítì dà bí irúgbìn tí ó gbẹ sínú aká. Ìlà igun-dé-igun, àlàfo ìwòran, igun ìríran àti hóró àwòrán kò nílò ìgbìmọ̀ kan kí wọ́n tó wúlò. Ohun tí wọ́n nílò ni atọ́kùn ètò orí rédíò tí yóò máa pè wọ́n, olùkọ́ tí yóò fi páálí gé àwòrán wọn fún àwọn ọmọ, àti àtúnẹ̀rọṣe tí yóò fi wọ́n ṣàlàyé fún oníbàárà.

Ní ọjọ́ tí oníbàárà bá dúró níwájú ìsọ̀, tí ó fa téèpù aránṣọ yọ, tí ó sì wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́ igun-dé-igun rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n wọn ìbú rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ 6 àtààbọ̀ ni mo ń jókòó sí," ọ̀rọ̀-ìperí ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Eku ti wọn ìtẹ́ rẹ̀ kí ó tó kó wọlé.