Ọkọ̀ Kì í Ṣe Ti Omi Nìkan

Àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá kan wà tí wọ́n máa ń fi gègé pupa fa igi lé ọ̀rọ̀ náà 'ọkọ̀' bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lò ó fún mọ́tò nínú àròkọ. Àlàyé wọn ni pé orí omi ni ibùgbé ọkọ̀. Igi tí a gbẹ́ ni, kì í ṣe irin tí ń sáré lórí ilẹ̀. Wọ́n ní òyìnbó ni ó mú mọ́tò dé, nítorí náà orúkọ tí ó bá a dé nìkan ni ó tọ́. Àlàyé yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Òtítọ́ ni pé ọkọ̀ tí àwọn baba ńlá mọ̀ ni èyí tí àwọn ará etí ọ̀sà àti ti etí odò Ọya ń tù. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni ó gbọdọ̀ parí sí. Ohun tí Yorùbá rí lára ọkọ̀ kì í ṣe omi bí kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀: ó ń gba ènìyàn àti ẹrù sínú, ó sì ń gbé wọn láti ibi kan dé ibòmíràn. Nígbà tí rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Ìbàdàn ní 1901, iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe. Òun ni ọkọ̀ ojú irin. Èyí tí ń fò di ọkọ̀ òfúurufú. Èyí tí ó kéré, tí ariwo rẹ̀ kò tó ti akẹ́rù tàbí ti rélùwéè, ni ayọ́kẹ́lẹ́, ohun tí ń yọ́ rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti fẹjú tó bẹ́ẹ̀ tí ti omi gan-an fi nílò àfikún: ọkọ̀ ojú omi ni à ń pè é nísinsìnyí.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹni tí ó ní mọ́tò nìkan ni òun fara mọ́, kí ni ó sọ pé dírẹ́bà ń ṣe? Ó ní ó ń wa mọ́tò. Wíwà yìí gan-an, ti ẹni tí ó di àjẹ̀ mú lójú omi ni. Ó lé ọkọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gba àjẹ̀ rẹ̀ sínú yàrá.

Yorùbá nìkan kọ́ ni ó ṣe èyí. Ní èdè Ìgbò, ụgbọ ni ti omi. Ụgbọala, ọkọ̀ orí ilẹ̀, ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn Hausa, jirgi ni ti omi; rélùwéè di jirgin ƙasa, bàálù di jirgin sama. 'Car' tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń yangàn, inú èdè Látìn ni ó ti ṣẹ̀ wá, kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹran ń fà ni. Kò sí ẹni tí ó ń bi Gẹ̀ẹ́sì pé ẹran náà dà.

Èyí kò ní kí a lé mọ́tò jáde. Mọ́tò ti gba ohùn Yorùbá, ó ti di ọmọ ilé. Ẹni tí ń fa igi lé òun náà ṣìṣe. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ọkọ̀ pọ̀: awakọ̀, èrò ọkọ̀, owó ọkọ̀, ibùdókọ̀.

Máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ pàdánù kọ́ ni ó burú jù. Akẹ́kọ̀ọ́ òní ni olùkọ́ ọ̀la. Ẹni tí a bá kọ́ pé èdè rẹ̀ kò lè sọ ohun tuntun lórúkọ, ohun tí òun náà yóò fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn. Kí gègé pupa náà sinmi.