Ìtọ́jú Ilé: Báwo Ni Ẹ Ṣe Ń Mọ̀ Pé Iná Ti Lọ?

Ní Kabba àti káàkiri ilẹ̀ Òkun, ilé tí ó ní ínfátà àti bátìrì kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n ó ní ìṣọ́ra tirẹ̀.

Tẹ́lẹ̀ rí, bí iná bá lọ, òkùnkùn ni yóò sọ fún wa. Nísinsìnyí, ínfátà ti gba iṣẹ́ náà kí a tó ṣẹ́jú. Ìyàwó ilé yóò máa lọ aṣọ nìṣó, kò ní mọ̀ pé bátìrì ni òun ń fà gbẹ. Bátìrì olómi kan tí a kọ 12V 200Ah sí lára, ìdajì agbára rẹ̀ ni ó yẹ kí a lò kí ó má baà tètè bàjẹ́. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,000 yóò jẹ ìdajì náà tán ní nǹkan bí wákàtí kan. Bí ó bá di òru, fáànù ọmọ ọwọ́ yóò dákẹ́ rọ́rọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìsokọ́ra iná Nàìjíríà wó lulẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí iná yóò padà dé.

Kí ni kí a ṣe?

Èkíní, kí oníṣẹ́ iná so gílóòbù pupa kékeré mọ́ wáyà ìjọba, níbi tí kò tíì dé ínfátà, kí ó sì gbé e sí ibi tí ojú yín ń tó. Bí ó bá kú, iná ti lọ. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín tú wáyà.

Èkejì, ẹ máa wo ojú ínfátà pẹ̀lú. Fóólìtì 230 ni ó yẹ kí iná wa jẹ́. Bí ó bá wálẹ̀ jù, gílóòbù lè máa tàn síbẹ̀, kí ínfátà sì ti kọ iná náà, kí ó máa lo bátìrì.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù, kí ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì ilé wà lórí bátìrì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun náà yóò bá iná lọ, ìkìlọ̀ kò sì ní jáde.

Bí ẹ bá ti mọ̀ pé iná lọ, ẹ pa áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ tí ń fa omi. Ẹ má ṣí fírísà: bí ó bá kún, yóò mú òtútù rẹ̀ dání fún nǹkan bí wákàtí 48, bí ó bá dé ìdajì, wákàtí 24. Fíríìjì kò ju wákàtí 4 lọ.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ó di oṣù tí ń bọ̀.