"Apply Within": Inú Ibo Ni Kí Wọ́n Wọ̀?

 

Ọ̀rọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ òyìnbó tí a fi ń wá ọmọ sí ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ sọ. Ìyá Aláṣọ kan láàárín wa ní kí ọmọ àbúrò òun tó wà ní yunifásítì bá òun kọ ọ̀kan. Ohun tí ọmọ náà kọ rèé: "Vacancy exists for a competent and dynamic sales girl. Urgently needed. Remuneration is attractive. Apply within." Wọ́n fi ránṣẹ́ káàkiri lórí WhatsApp. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ẹnikẹ́ni ò yọjú. Ìyá ní àwọn ọmọ ìsinyìí ò fẹ́ ṣiṣẹ́.

Èmi ò gbà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ara ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń lẹ "apply within" mọ́. Ẹni tó bá kà á níbẹ̀ á kàn wọlé ni. Ẹni tó kà á lórí fóònù nílé ńkọ́? Ṣé inú fóònù ni kó wọ̀?

Ẹ̀rù sì ń ba àwọn òbí. Ní oṣù April 2021, ọmọbìnrin kan ń wá iṣẹ́ ní Uyo. Ọkùnrin kan pè é pé kó wá fún intafíù, ó lọ, wọ́n sì pa á. Ní 2022 ni ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún ọkùnrin náà. Ìyá wo ló máa jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jẹ́ ìpè iṣẹ́ tí ò ní àdírẹ́sì, tí ò sọ iye owó, tó kàn ń pariwo "urgently"? Bí àwọn oníjìbìtì ṣe ń kọ tiwọn náà nìyẹn. Èmi gan-an ò ní jẹ́ kí ọmọ-ọmọ mi lọ.

Mo ní, "Ìyá Aláṣọ, ẹ gbàgbé òyìnbó ná. Ká ní èmi ni mo ní ọmọ tó ń wáṣẹ́, kí lẹ máa sọ fún mi?" Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́. A wá kọ ohun tó sọ:

"I need a girl to sell cloth in my shop, Line 4, behind the mosque. 8 to 6, no Sunday work. N40,000 a month. Come with your mother. Ask for Iya Alaso."

Lẹ́tà àti àlàfo rẹ̀ ò tó 160 tí téèsì kan ń gbà, torí náà fóònù tọ́ọ̀ṣì náà á gbé e.

Ọmọ yunifásítì ní kò jọ ti ọ́fíìsì. Ta ló ń wá ọ́fíìsì? "Sales girl" tó kọ yẹn gan-an ò burú, bí a ṣe ń pè é lọ́jà nìyẹn. "Shop assistant" làwọn ará London ń sọ, àmọ́ kì í ṣe ará London la ń wá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ò fẹ́ kọ iye owó, kí ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀ má baà rí i pé tòun kéré. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó mọ́. Ẹ lọ fi kún owó ọmọ yẹn.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọmọ mẹ́ta ló wá, tìyá tìyá. Ọ̀kan ti wà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. Ẹni tó bá ní tiẹ̀ lọ́wọ́, kó mú un wá bá mi ṣáájú ìpàdé, ká jọ kà á sókè.